Ẹnìkan, Agbo-ilé, Ìlú: Ààfin Wo Ni Ó Yẹ Kí A Ti Gbọ́ Ẹjọ́ Ìwà Ènìyàn?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́, níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ àti àwọn àlejò pàtàkì.

 

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ fi ọ̀rọ̀ òní lé wa lọ́wọ́, àwọn kan nínú yín bi wá léèrè pé kí ni Ẹgbẹ́ tí ó dìde láti gbé èdè àti àṣà Yorùbá lárugẹ ní í ṣe pẹ̀lú ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ fi ń wádìí ọkàn àti ìwà ènìyàn, ìmọ̀ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní sàìkọ́lọ́jì. Ìdáhùn wa kò jìnnà. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé Ẹgbẹ́ ti pinnu láti rán àwọn ọmọ rẹ̀ káàkiri àdúgbò ìlú yìí, kí wọ́n lọ wádìí ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó kà á tán. A kò tíì mú ìwé àti gègé tí a ti ń gbọ́ ìdáhùn. Ẹnìkan ní ọmọ àdúgbò báyìí kò fẹ́ràn ìwé. Ẹlòmíràn ní ìdílé lágbájá kò ní orí ìwé láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ẹ̀kẹta ní ayé òde òní ni ó ti bàjẹ́. A sì ń sọ gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n ń wí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Èkínní sọ̀rọ̀ nípa àdúgbò, èkejì nípa ìdílé, ẹ̀kẹta nípa ayé gbogbo. Kò sì sí èyí tí ó sọ ohunkóhun nípa ọmọ náà gan-an, tí ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé nígbà tí agogo ilé-ẹ̀kọ́ ń dún.

Àwọn bàbá wa kò ṣe aláìmọ ìyàtọ̀ yìí nínú ètò ìlú. Bí tọkọtaya bá ń jà, baálé ni ó ń pè wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí agbo-ilé méjì bá ń du ààlà ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá baálé, ó di ti ìjòyè tí ó ni àdúgbò. Ohun tí ó bá sì kan gbogbo ìlú, ààfin ni à ń gbé e lọ. Ẹni tí ó bá gbé ìjà orogún méjì lọ tààrà síwájú Ọba kò rú òfin kan, ṣùgbọ́n àwọn àgbà yóò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé kan ṣoṣo, tí ó fẹ́ parí ọ̀rọ̀ odò tí gbogbo ìlú ń pọn, asán ni ó ń ṣe. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ipele ìwádìí kò ju báyìí lọ. Ó wà ní abẹ́ àwọ̀ ara, níbi tí ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ àti oúnjẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ó wà lára ẹnìkan, nínú èrò àti ìrántí rẹ̀. Ó wà nínú agbo-ilé, nínú ilé-ẹ̀kọ́, nínú ọjà, nínú ìlú àti nínú orílẹ̀-èdè. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ààfin tí ó tọ́ sí i. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni kí a gbọ́ ẹ̀rí ní ààfin kan, kí a sì lọ fi dá ẹjọ́ ní òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jùlọ nípa rẹ̀ wá. Ní ọdún 1950 ni ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, W. S. Robinson, tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó mú ìwé ìkànìyàn orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti ọdún 1930, ó sì wo àwọn tí ó ti tó ọmọ ọdún 10 sókè. Ìbéèrè rẹ̀ rọrùn: nínú àwọn àlejò tí a bí ní ilẹ̀ òkèèrè àti àwọn ọmọ onílẹ̀, àwọn wo ni kò mọ̀wé jù? Ó kọ́kọ́ wo ìpínlẹ̀ 48 pẹ̀lú agbègbè olú-ìlú wọn. Ó rí i pé ìpínlẹ̀ tí àlejò pọ̀ sí ni aláìmọ̀wé ti kéré, ibi tí àlejò kò sì pọ̀ sí ni aláìmọ̀wé ti pọ̀.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan méjì ti ń bá ara wọn rìn. Bí ó bá jẹ́ 0, olúkúlùkù ń lọ ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 1, wọn kì í ya ara wọn bí ìbejì. Bí àmì ìyọkúrò bá sì wà níwájú rẹ̀, bí ọ̀kan ti ń gòkè ni èkejì ń sọ̀kalẹ̀. Láàárín àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí òṣùwọ̀n náà jẹ́ 0.53 pẹ̀lú àmì ìyọkúrò. Ẹni tí ó bá ká ìwé rẹ̀ níbẹ̀, tí ó lọ sílé, yóò máa sọ fún gbogbo ayé pé àlejò mọ̀wé ju onílé lọ.

Robinson kò tíì ká ìwé tirẹ̀. Ó wo iye àwọn ènìyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láìka ìpínlẹ̀ sí, òṣùwọ̀n náà sì di 0.12 láìsí àmì ìyọkúrò. Èyí kéré, ṣùgbọ́n ọ̀nà òdìkejì ni ó kọjú sí: àlejò ni kò mọ̀wé tó onílé. Báwo ni èyí ti ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Nítorí pé àlejò kì í tẹ̀dó sí ibi tí kò sí iṣẹ́. Àwọn ìpínlẹ̀ tí iṣẹ́ pọ̀ sí ni wọ́n lọ, níbẹ̀ náà ni àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìwé tí onílé mọ̀ ni ó gbé orúkọ ìpínlẹ̀ náà ga. Àlejò kàn jókòó sí abẹ́ òjìji rẹ̀ ni. Òótọ́ ni iye àkọ́kọ́, òótọ́ ni ìkejì. Irọ́ wà lẹ́nu ẹni tí ó gba ẹ̀rí àwọn ìpínlẹ̀, tí ó sì fi dá ẹjọ́ ènìyàn.

Apá kan tún wà nínú ìwé Robinson tí ó kàn wá ju èyí lọ. Ó bèèrè bákan náà nípa àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó pín orílẹ̀-èdè náà sí agbègbè ńlá 9, tí ó wo iye ènìyàn dúdú àti iye aláìmọ̀wé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òṣùwọ̀n náà jẹ́ 0.95. Ó kù díẹ̀ kí ó di 1! Ẹni tí ó bá ka èyí nìkan yóò rò pé dúdú àti àìmọ̀wé, ọmọ ìyá ni wọ́n. Nígbà tí ó wo ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó já sí 0.20. Gúúsù ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn dúdú ń gbé nígbà náà, ilé-ẹ̀kọ́ gúúsù sì ti ń rẹ̀yìn fún funfun àti dúdú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti dúdú ni ó burú jù. Agbègbè ni ó ṣaláìní ilé-ẹ̀kọ́, a sì fẹ́ kọ ọ́ sí ọrùn ènìyàn pé àwọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ rántí iye méjì yìí, 0.95 àti 0.20, nígbàkígbà tí ẹ bá tún gbọ́ tí ẹnìkan, ìbáà ṣe àjèjì tàbí ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí, ń fi iye orí ìlú sọ irú ẹni tí ọmọ ìlú náà jẹ́. Àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ohun tí Ìjẹ̀bú ń sọ nípa Ìbàdàn, tí Ìbàdàn ń sọ nípa Ìjẹ̀ṣà, tí gbogbo wa sì ń sọ nípa Èkó, bí a bá kó o jọ, kò ní í wọ inú ìwé kan.

Àṣìṣe náà kò mọ sí àárín ìlú àti ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a wọ yàrá àwọn akọ̀wé. Bí a bá kó 20 akọ̀wé jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jùlọ ni àṣìṣe rẹ̀ sábà máa ń kéré jùlọ, nítorí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Ọ̀gá tí ó bá rí èyí, tí ó wá pàṣẹ fún ọ̀kan nínú wọn pé kí ó yára sí i kí àṣìṣe rẹ̀ lè dínkù, yóò ka àṣìṣe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Láàárín ẹnìkan àti ẹnìkejì, ìyára àti iṣẹ́ tí ó mọ́ jọ ń rìn. Nínú ènìyàn kan ṣoṣo, láti wákàtí dé wákàtí, wọn kì í jókòó pọ̀. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí à ń wí ni pé kí a fi ìlú sílẹ̀, kí a máa wo ẹnìkan ṣáá. Émile Durkheim, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1897 pé iye àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn ní orílẹ̀-èdè kan kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọdún dé ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó kú ní èṣí kò lè tún kú ní ọdún yìí. Àwọn ènìyàn yí padà, iye kò yí. Ohun kan wà nígbà náà tí ó jẹ́ ti àwùjọ fúnra rẹ̀, tí a kò lè rí nípa bíbi ẹnìkan léèrè ìbànújẹ́ rẹ̀. Durkheim pàápàá kò bọ́ nínú ọ̀fìn náà, nítorí ó rí i pé àwọn ìgbèríko tí ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ti pọ̀ ni ikú yìí ti pọ̀, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ ìjọ náà gan-an ni ó ń pa ara rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Iye ìgbèríko nìkan kò tó láti sọ ọ́.

Àpẹẹrẹ tí a fẹ́ jókòó tì pẹ́ díẹ̀ ni ti àrùn pẹlágírà, nítorí ó kan ọpọlọ, ó kan ilé, ó sì kan ọjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà káàkiri gúúsù Amẹ́ríkà. Ara aláìsàn a máa bó ní ibi tí oòrùn bá ti ń bà á, inú rẹ̀ a máa ṣí, lẹ́yìn náà orí rẹ̀ a dàrú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a gbé lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn aṣiwèrè, ọ̀pọ̀ sì kú síbẹ̀. Àwọn kan ní kòkòrò kan ni ó ń ràn láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Charles Davenport, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nípa ìmọ̀ àjogúnbá, kọ̀wé ní ọdún 1916 pé ọwọ́ ìdílé wà nínú rẹ̀, nítorí ó rí i pé inú àwọn ìdílé kan ni ó ti ń pọ̀. Ohun tí ó rí kì í ṣe irọ́. Bí ìyá bá ní i, àwọn ọmọ a máa ní i. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ni ìyá àti ọmọ jọ ní. Inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun.

Dókítà tí ìjọba Amẹ́ríkà rán sí ọ̀ràn náà ní ọdún 1914 ni Joseph Goldberger. Ohun tí ó kọ́kọ́ kíyèsí ni pé àwọn aṣiwèrè tí ó wà ní ilé ìtọ́jú ní àrùn náà, àwọn ọmọ òrukàn ní ilé ọmọ òrukàn ní i, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n jọ wà lábẹ́ òrùlé kan kò ní i. Àrùn tí ń ràn kì í bèèrè ẹni tí ń gba owó oṣù. Ó wo àwo oúnjẹ wọn: àgbàdo, omi ìrèké sísè àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, lójoojúmọ́. Ó fi wàrà, ẹyin, ẹran àti ẹ̀wà kún oúnjẹ ilé ọmọ òrukàn méjì ní Jackson ní ìpínlẹ̀ Mississippi, àrùn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá níbẹ̀. Ní ọdún 1915 ó yí i padà. Ní oko ẹlẹ́wọ̀n kan ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, ó fi oúnjẹ àgbàdo bọ́ ọkùnrin 11 tí ara wọn le, tí gómìnà ti ṣèlérí ìdáríjì fún, 6 nínú wọn sì ní àmì pẹlágírà. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò tọ́ lójú wa. Ẹlẹ́wọ̀n tí a fi òmìnira bẹ̀ lọ́wẹ̀ kò ní ẹnu tí yóò fi kọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi hàn kò ṣeé sẹ́. Ní ọdún 1937 ni Conrad Elvehjem àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wisconsin rí èròjà tí oúnjẹ náà ṣaláìní, èyí tí à ń pè ní níásínì. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀kọ jẹun ní àràárọ̀, ẹ má fòyà: ìyá tí ó kọ́kọ́ pe ẹ̀kọ mọ́ àkàrà àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ẹlòmíràn ìbá ti sọ ní 1915 pé ọ̀rọ̀ parí: oúnjẹ ni, kí olúkúlùkù lọ jẹ oúnjẹ tí ó dára. Goldberger bèèrè síwájú sí i pé kí ló dé tí wọn kò jẹ ẹ́. Ní ọdún 1916, òun àti Edgar Sydenstricker, tí ó jẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, lọ sí abúlé 7 tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òwú ń gbé ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Ilé dé ilé ni ìwádìí náà. Wọ́n ń kọ owó tí ó wọlé, ohun tí a rà, àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ilé tí owó rẹ̀ kéré ni àrùn náà ti pọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé abúlé kò dọ́gba pẹ̀lú abúlé, bí owó ilé bá tilẹ̀ dọ́gba. Ní abúlé kan, àwọn àgbẹ̀ agbègbè ń gbé ẹran tútù, wàrà àti ẹ̀fọ́ wá tà. Ní òmíràn, òwú ni a gbìn yí ilé ká, kò sì sí ẹni tí ó ní oúnjẹ tútù tí yóò tà. Owó kan náà wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì. Ọ̀kan rí wàrà rà, èkejì kò rí. Bí a bá fi odindi ọjọ́ kan bi aláìsàn náà léèrè nípa ìwà rẹ̀, tàbí nípa bàbá tí ó bí i, kò lè fi èyí hàn wá. Inú ọjà abúlé ni ẹjọ́ náà wà. Ẹni tí ó bá sì lọ sí ọjà nìkan, tí kò wo inú ara rí, kì bá tí mọ ìdí tí wàrà fi ṣe pàtàkì ju omi ìrèké lọ. Ọ̀kan kò lé èkejì jáde.

Nísinsìnyí a dé ẹnu ọ̀nà ilé tiwa. Nígbà tí a bá ń wádìí ìdílé kí a tó fẹ́ ìyàwó, a máa ń bèèrè bóyá wèrè, ẹ̀tẹ̀ tàbí wárápá wà níbẹ̀. A kò bú àwọn àgbà tí ó fi ìbéèrè náà lélẹ̀. Wọ́n ń dáàbò bo ọmọ wọn ni. Ṣùgbọ́n kí ni ìdáhùn rẹ̀ ń sọ fún wa? Ní ti ẹ̀tẹ̀, láti ọdún 1873 tí Hansen ará Norway ti rí kòkòrò tí ń fà á ni a ti mọ̀ pé kì í ṣe ogún ìdílé. Ní ti wèrè, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irú kan tí ó le, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sikisofiréníà, a máa mú nǹkan bí 1 nínú ènìyàn 100. Nínú àwọn tí ó jẹ́ ọmọ ìyá àti bàbá kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ní i, a máa mú tó 10 nínú 100. Nítorí náà, ìdílé ní ipa níbẹ̀, a kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n 90 yòókù ńkọ́? Pàápàá láàárín ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, bí ọ̀kan bá ní i, ó tó ìdajì wọn tí èkejì kì í ní i. Ọmọbìnrin tí a kọ̀ láti fẹ́ nítorí arákùnrin bàbá rẹ̀ kan tí ó rìn ní ìhòòhò ní ọjà ní 40 ọdún sẹ́yìn, ẹ̀rí ìdílé ni a fi dá ẹjọ́ rẹ̀. A kò pe òun alára kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀. A mọ irú àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n.

Nípa ti wèrè, ilẹ̀ wa pàápàá ti kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ kan nípa ipele. Ní ọdún 1954, Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní ilé-ìwòsàn Arò. Ó rí i pé bí a bá já aláìsàn gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, tí a tì í mọ́lé, ìdajì ohun tí ó lè wò ó sàn ni a ti jù nù. Nítorí náà àwọn aláìsàn ń gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ kan tí ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, wọ́n sì ń padà sí àárín àwọn ará abúlé ní ìrọ̀lẹ́. Ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Oògùn ń ṣiṣẹ́ nínú ara, ẹbí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, abúlé náà sì ń ṣe tirẹ̀. Wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ní Arò, ẹni tí ó bí i ni a pè wá jókòó tì í.

Ní ọdún 1961, Lámbò àti Alexander Leighton láti yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà darí ìwádìí ńlá kan ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé agbègbè rẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1963. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni ó wù wá jù. Wọ́n bá ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, wọ́n sì tún fi òṣùwọ̀n wọn abúlé fúnra rẹ̀ lọ́tọ̀: ṣé ìṣọ̀kan wà níbẹ̀, ṣé àwọn olórí rẹ̀ lágbára, ṣé ìjà kò pọ̀ jù? Wọ́n rí i pé ibi tí abúlé ti túká ni àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀ ti pọ̀ sí i. Ẹ̀yin Ìjòyè, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidigidi, nítorí ó túmọ̀ sí pé ìlú tí a kò tún ṣe lè wọ inú oorun ọmọ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí kò sọ. Kò sọ pé ẹni gbogbo tí ó wà ní abúlé tí ó túká ni ó ń ṣàìsàn. Kò sì sọ fún wa tán bóyá ìtúká ni ó bí àìsàn, tàbí àwọn tí ara wọn kò dá ni ó ń ṣí lọ sí ibi tí ilé kò wọ́n.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ń fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ìwé ìbéèrè tí Ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ bi baálé kọ̀ọ̀kan léèrè pé ọmọ mélòó ni ó wà ní agbo-ilé rẹ̀ àti mélòó ni ó ti fi ìwé sílẹ̀. Kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá lò ó bẹ́ẹ̀, ohun tí a óò mọ̀ ni àdúgbò tí ó burú, a ó sì lọ pe ọmọ àdúgbò náà ní ọ̀lẹ. A ti bẹ Ìgbìmọ̀, wọ́n sì ti gbà, pé kí a ya ojú-ewé mẹ́ta sọ́tọ̀. Ojú-ewé kìíní jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀, láti ẹnu ara rẹ̀: ṣé ojú rẹ̀ ríran dé pátákó, ṣé etí rẹ̀ ń gbọ́ tísà, ṣé ó jẹun kí ó tó jáde, kí ni ó ń dẹ́rù bà á níbẹ̀? Ìkejì jẹ́ ti ilé: ta ni ń san owó ìwé, ta ni ń pọn omi ní òwúrọ̀, ṣé ọmọ náà ni ó ń kiri ọjà fún ìyá rẹ̀? Ìkẹta jẹ́ ti àdúgbò: báwo ni ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ti jìn tó, olùkọ́ mélòó ni ó ń wá, ṣé afárá tí ó wà lójú ọ̀nà a máa wó lákòókò òjò? A ó sì fi àmì kan náà sí orí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a lè mọ ọmọ tí ó wá láti ilé èyí, àti ilé tí ó wà ní àdúgbò èyí. Bí kò bá sí àmì náà, iṣẹ́ Robinson ni a óò tún ṣe láìní ọgbọ́n rẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé ní àdúgbò kan ojú-ewé kìíní ni ìdáhùn wà, ní òmíràn kí ó jẹ́ afárá. A kò mọ̀ kí a tó bèèrè. Bí ó bá jẹ́ afárá ni, a óò gbé e wá síwájú ẹ̀yin Ìjòyè, nítorí kò sí baálé tí ó lè fi owó agbo-ilé rẹ̀ nìkan kọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ ojú tí kò ríran ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e lọ sí ààfin; kí a mú ọmọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ojú.

Àwọn ìwé náà wà lọ́wọ́ Akọ̀wé, yóò sì pín wọn lẹ́yìn ìpàdé. Ohun kan ṣoṣo tí a ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀yin Baálé ni èyí: nígbà tí àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ bá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, tí wọ́n bèèrè fún ọmọ kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dá wọn lóhùn ní ipò rẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ pè é.